Bẹ́ ẹ ṣe lè ka adágún Balkhash lórí máàpù: omi dídùn lápá kan, omi iyọ̀ lápá kejì

Ẹ̀yin èèyàn mi, adágún kan wà ní Kazakhstan tí kò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i lórí Google Earth. Balkhash lorúkọ ẹ̀. Adágún kan ṣoṣo ni o, kì í ṣe méjì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi omi apá ìwọ̀-oòrùn ẹ̀ kan ẹnu, díẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí omi odò, tẹ́ ẹ bá wá lọ bu ti apá ìlà-oòrùn, iyọ̀ ni. Ilẹ̀ kan ló nawọ́ láti gúúsù wọ àárín omi yẹn, Saryesik ni wọ́n ń pè é, ó sì nà débi pé díẹ̀ báyìí ló kù kó kan bèbè òdìkejì, bó ṣe pín adágún náà sí ọ̀nà méjì nìyẹn. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí omi yí ká lọ́nà mẹ́ta, tó wá fi ẹ̀yìn so mọ́ ilẹ̀ ńlá, òun ni wọ́n ń pè ní pẹnínsúlà.

Mo fẹ́ fi bẹ́ ẹ ṣe máa kà á hàn yín, látorí máàpù, kẹ́ ẹ lè fi ojú ara yín rí ìdí tí omi inú adágún kan ṣoṣo fi yàtọ̀ síra. Fóònù yín àti dátà díẹ̀ ti tó, tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ ní á tún dáa sí i torí ojú ẹ̀ fẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yọ kúrò lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí i báyìí, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé ilẹ̀ tó dá omi yẹn sí méjì ló sọ apá kan di iyọ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fúngbà pípẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ yẹn. Ibi tí odò gbà wọlé ni kẹ́ ẹ máa wò, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ibì kan wà tí omi gbà jáde. Iṣẹ́ tí ilẹ̀ yẹn ń ṣe ò ju pé ó pa ilẹ̀kùn dé kù díẹ̀, kí omi ọ̀tún àti omi òsì má baà ráyè pò pọ̀ dáadáa.

Ó yá, ẹ ṣí máàpù. Ẹ tẹ Lake Balkhash sínú ibi ìwáǹkan, á gbé yín lọ sí gúúsù ìlà-oòrùn Kazakhstan. Ẹ má tíì sún mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó kéré lójú yín kẹ́ ẹ lè rí gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ máa rí i pé ó tẹ̀ bíi dòjé. Láti orí dé ìdí ẹ̀ tó nǹkan bíi 600 kìlómítà, ilẹ̀ tó sì gbà fẹ̀ tó bíi 16,400 kìlómítà níbùú lóròó. Omi tó tóbi tó yẹn, ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ ò ju bíi mítà 26 lọ, tẹ́ ẹ bá sì da gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ pín in dọ́gba, kò pé mítà mẹ́fà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí a máa padà wá bá a. Àwo pẹrẹsẹ ni Balkhash, kì í ṣe ìkòkò.

Ẹ wo àyíká ẹ̀ náà. Gúúsù ẹ̀ aṣálẹ̀ ni, yanrìn lọ rẹrẹ, àríwá ẹ̀ òkè kéékèèké àti òkúta tó gbẹ. Kò sí igbó, àfi ibì kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn tó dà bíi pé ẹnì kan fọ́n àwọ̀ ewé síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.

Ní bèbè àríwá, ẹ máa rí ìlú kan tóun náà ń jẹ́ Balkhash, ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà ni. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì. Ẹ gbé ọwọ́ lé e, kẹ́ ẹ wá máa tẹ̀lé omi lọ sápá ìlà-oòrùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí i tí omi á máa sún kì, tí ilẹ̀ á máa wọlé láti ìsàlẹ̀, títí ẹ ó fi dé ibi kan tí omi ti tóóró gidi. Ilẹ̀ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ yẹn ni Saryesik. Omi tóóró tó kù lókè orí ẹ̀ ni Uzynaral. Ní èdè Kazakh, "uzyn" ni gígùn, "aral" sì ni erékùṣù.

Níbí ni kẹ́ ẹ ti lo rúlà orí máàpù. Lórí Google Earth ó wà lápá òkè, lórí Google Maps ti kọ̀ǹpútà ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì kẹ́ ẹ tó rí ibi wíwọn. Ẹ wọn ibi tó tóóró jù. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni, omi ibẹ̀ ò sì jìn ju bíi mítà mẹ́fà lọ. Kẹ́ ẹ wá padà sí apá ìwọ̀-oòrùn, kẹ́ ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù níbẹ̀, ó ju kìlómítà 70 lọ. Adágún tó fẹ̀ tó báyẹn, tó wá gùn tó 600 kìlómítà, ihò tí omi ń gbà kọjá láàárín ẹ̀ ò ju ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láàárín wákàtí kan. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tó, torí ojú lásán ò lè sọ ọ́ fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibi odò yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ padà sí ibi tó ní àwọ̀ ewé yẹn ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Odò Ili ló wà níbẹ̀. Láti Ṣáínà ló ti ń bọ̀, láti orí òkè Tian Shan tí yìnyín máa ń wà, ó gùn tó 1,439 kìlómítà, 815 nínú ẹ̀ sì wà ní ilẹ̀ Kazakhstan. Kó tó wọ adágún, ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sí ẹ̀ka púpọ̀, ìféfé hù síbẹ̀ lọ súà, ohun tẹ́ ẹ rí bí ewé yẹn nìyẹn. (Ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ dá táígà padà sí. Táígà máa ń gbé nínú ìféfé yẹn láyé àtijọ́ kí wọ́n tó pa wọ́n tán, ìjọba Kazakhstan wá ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ẹranko lọ́dún 2018, nígbà tó sì di 2024 wọ́n kó táígà méjì dé láti Netherlands. Inú mi dùn sí ìròyìn yẹn gan-an ni.)

Ẹ wá wo ẹnu Ili dáadáa. Apá wo nínú méjèèjì ló wọ̀? Ìwọ̀-oòrùn ni. Òun nìkan ló sì ń kó bíi ìdá 70 sí 80 nínú 100 gbogbo omi odò tó ń wọ Balkhash wá. Ní apá ìlà-oòrùn, odò wà níbẹ̀ lóòótọ́, Karatal, Aksu, Lepsy, ẹ tẹ̀lé wọn láti orí òkè tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe tín-ín-rín tó nígbà tí wọ́n bá fi máa la aṣálẹ̀ kọjá. Ayaguz náà wà lọ́hùn-ún ní ìpẹ̀kun, òun kì í tiẹ̀ dé inú adágún nígbà mìíì. Gbogbo wọn pọ̀ ò tó Ili.

Ó ku ọ̀nà àbájáde. Ẹ yí gbogbo bèbè adágún yẹn ká, ẹ má kánjú, ẹ wá odò kan tó ń ti inú ẹ̀ jáde. Ẹ ò ní rí i, kò sí. Mo ti yí i ká ju ìgbà mẹ́ta lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí omi Balkhash ń gbà lọ ni òkè, oòrùn àti atẹ́gùn ló ń fà á lọ, ìyẹn sì tó bíi mítà kan lọ́dún, nígbà tí òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ ò ju nǹkan bíi 120 mìlímítà. Ẹ rántí pé mo ní tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba kò pé mítà mẹ́fà? Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín, tí odò bá dáwọ́ dúró lónìí, ọdún bíi mẹ́fà sí méje ni, apá tó pọ̀ jù nínú àwo á ti gbẹ. Owó oṣù ni omi yẹn ń ná, kò ní ìfowópamọ́.

Oòrùn tó ń fa omi ò fa iyọ̀ o, omi nìkan ló ń mú lọ. Gbogbo odò ló ń gbé iyọ̀ díẹ̀ láti ara òkúta àti ilẹ̀, kódà èyí tẹ́ ẹ bá mu tẹ́ ẹ ní kò níyọ̀. Ili ń da omi sí ìwọ̀-oòrùn lójoojúmọ́, omi ibẹ̀ ga ju ti ìlà-oòrùn díẹ̀, ó ń tì, ó ń gba Uzynaral kọjá lọ sọ́hùn-ún, tó bá dé ọ̀hún kò síbi tó tún máa lọ mọ́, oòrùn á fa omi, iyọ̀ á jókòó. Ti ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀nà tó ń gbà yọ iyọ̀ tiẹ̀ kúrò, orí arákùnrin ẹ̀ ló ń dà á sí. Ti ìlà-oòrùn ò ní. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí lítà omi kan ní ìwọ̀-oòrùn fi ní iyọ̀ bíi ààbọ̀ gíráàmù sí gíráàmù kan àti ààbọ̀, tí ti ìlà-oòrùn wá ń lọ láti mẹ́ta àti ààbọ̀ sí mẹ́fà. Òkun ní bíi 35, ẹ ò rí i pé kò tíì dé ibẹ̀, àmọ́ ẹja àti ewéko mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ dáadáa.

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣì dà bí àlá lójú yín, ẹ ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ wá tírè pẹrẹsẹ kan tó gùn, èyí tí kò ń jò. Ẹ fi amọ̀ mọ ògiri sí àárín ẹ̀, kó ti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, àmọ́ kẹ́ ẹ fi àlàfo kékeré sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan tó tó ìka ìkẹyìn. Ẹ po iyọ̀ díẹ̀ sínú omi nínú jọ́ọ̀gì, kó dín débi pé ẹnu ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ da omi yẹn sínú tírè títí á fi bo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń ta. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, omi tó bá ti gbẹ, inú jọ́ọ̀gì yẹn lẹ ó ti fi dí i, àmọ́ apá òsì nìkan lẹ ó máa da omi sí o, jẹ́jẹ́ sì ni, ní ìpẹ̀kun tó jìnnà sí ògiri. Omi ọ̀hún fúnra ẹ̀ á wá ọ̀nà àlàfo lọ sí ọ̀tún. Ẹ bò ó ní alẹ́ kí kòkòrò má kó sí i.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, àlàfo tí mo fi sílẹ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo tọ́ ọ wò, òsì àti ọ̀tún ò yàtọ̀ síra rárá, gbogbo ẹ̀ ti pò pọ̀. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Mo tún ògiri mọ, mo jẹ́ kó há, mo bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́jọ́ kejìlá, mo ti ìka bọ apá òsì, ó ṣì dà bí omi jọ́ọ̀gì, mo ti ìka bọ ọ̀tún, iyọ̀ mú mi lẹ́nu, mo wá rí ìlà funfun tín-ín-rín tó ti gbẹ mọ́ ara tírè lápá ọ̀tún, tí òsì ò sì ní. Ọjọ́ yẹn ni Saryesik tó yé mi. Iyọ̀ ò ti ara ògiri amọ̀ wá, ohun tí ògiri ṣe ni pé kò jẹ́ kí ọ̀tún ráyè padà wá sí òsì. Tí ògiri bá wà tí odò sì ń wọ apá méjèèjì bákan náà, kò ní sí ìyàtọ̀ púpọ̀. Tí odò bá wọ apá kan ṣoṣo tí kò sì sí ògiri, omi á pò mọ́ra gan-an ju bó ṣe wà yìí lọ. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pàdé.

Ẹ fi ti Great Salt Lake ní Amẹ́ríkà dán an wò tẹ́ ẹ bá fẹ́. Kì í ṣe pẹnínsúlà ló pín tibẹ̀, ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n fi òkúta kọ́ la inú omi kọjá ni, ọdún 1959 ni wọ́n parí ẹ̀. Àwọn odò ńlá mẹ́ta tó ń wọ̀ ọ́, Bear, Weber àti Jordan, gúúsù ni gbogbo wọn ń dà sí. Kẹ́ ẹ tó ṣí àwòrán sátẹ́láìtì ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ apá tẹ́ ẹ rò pé iyọ̀ á ti pọ̀ jù. Ẹ máa rí i tí àríwá ẹ̀ á pọ́n bí òdòdó, torí iyọ̀ ibẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-íntìn-ìntín tí àwọ̀ wọn pọ́n ló lè gbé inú ẹ̀.

Ní ti àwọ̀, mo ní láti kìlọ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá wo Balkhash láti òkè, ìwọ̀-oòrùn máa pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ìlà-oòrùn á wá dúdú bí aró, ojú á sì fẹ́ sọ fún yín pé aró yẹn ni iyọ̀. Rárá o. Ẹrẹ̀ tí Ili gbé wá ni ẹ̀ ń rí ní ìwọ̀-oòrùn, pẹ̀lú ìsàlẹ̀ tí kò jìn tí atẹ́gùn máa ń rú sókè. Ìwọ̀-oòrùn gba ìdá 58 nínú 100 ojú adágún náà, àmọ́ omi tó wà nínú ẹ̀ ò ju ìdá 46 lọ, ìyẹn fi hàn yín bó ṣe fẹ̀ tí kò sì jìn. Níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ju nǹkan funfun sínú omi, bíi mítà kan péré lẹ máa fi rí i kó tó pòórá. Ní ìlà-oòrùn tó jìn, tí ẹrẹ̀ ò sì pọ̀, ẹ lè rí i títí dé mítà márùn-ún. Àwọ̀ ń sọ ìtàn ẹrẹ̀ àti jíjìn, odò ló ń sọ ìtàn iyọ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa wo ìgbà. Google Earth ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Timelapse, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1984. Ẹ gbé e síbi tí Ili ti ń wọ adágún, ẹ jẹ́ kó máa sáré, ẹ wo etí omi dáadáa. Kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú: lọ́dún 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi kún ìsédò Kapshagay (ògiri ńlá tí wọ́n fi sé odò) tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà Ili, lókè lọ́hùn-ún, láti fi ṣe iná mànàmáná àti láti fi bomi rin oko. Omi tó yẹ kó dé Balkhash dúró síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1987, adágún ti wálẹ̀ tó bíi mítà méjì. Mítà méjì lè dà bí nǹkan kékeré o, àmọ́ àwo pẹrẹsẹ la ní ó jẹ́, Uzynaral ò sì ju mítà mẹ́fà lọ. Wọn ò kún ìsédò yẹn dé ibi tí wọ́n kọ́kọ́ pinnu, ọdún tí omi pọ̀ náà tún dé lẹ́yìn ìgbà yẹn, adágún wá gbéra padà.

Mo máa ń ronú lórí ìyẹn gan-an torí aládùúgbò ẹ̀. Òkun Aral, tóun náà wà ní Kazakhstan lápá kan, ó tún wà ní Uzbekistan, wọ́n fa omi odò ẹ̀ sí oko títí ó fi wálẹ̀, omi tóóró tó so apá kékeré mọ́ apá ńlá gbẹ, ó sì pín sí méjì pátápátá lọ́dún 1987. Ọdún kan náà tí Balkhash wálẹ̀ jù. Ìgbà tó di 2005 ni wọ́n fi ìsédò Kok-Aral dí ẹnu ibẹ̀ kí apá àríwá lè yè, ó sì yè lóòótọ́, ẹja padà síbẹ̀. Kẹ́ ẹ gbé Aral sí ẹ̀gbẹ́ Balkhash lórí Timelapse, ẹ máa mọ ìdí tí ẹnu tóóró bí Uzynaral fi yẹ ní ṣíṣọ́. Ili ṣì ń ti Ṣáínà bọ̀, oko wà níbẹ̀, ìlú wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló ń bu omi kó tó dé ẹnu ibodè.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àwòrán tuntun tó mọ́ ju ti Google lọ, ẹ lọ sí ìkànnì Copernicus Browser, ọ̀fẹ́ ni, àwọn sátẹ́láìtì Sentinel-2 ń kọjá lórí ibẹ̀ ní bíi ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹ yan ọjọ́ tí kùrukùru ò sí. Oṣù tí mo fẹ́ràn jù láti wò ó ni oṣù kẹrin. Láti oṣù kọkànlá ni yìnyín ti máa ń bo Balkhash, tó bá fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, àmọ́ kì í yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀-oòrùn ló kọ́kọ́ ń ṣí, ìlà-oòrùn á tún pẹ́ sí i tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sí ọjọ́ tó yẹ, ẹ máa rí omi tó ti ṣí sílẹ̀ lápá kan, yìnyín funfun báláú lápá kejì, Saryesik á wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ fi àwòrán yẹn pa mọ́, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ tún wá a lọ́dún tó ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ sì wọn Uzynaral lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀.